Ìwé Ọmọ tí Richard Kó Sínú Kọ̀ǹpútà

Richard Ọdẹ́tọ́lá, ọkọ mi, kì í ṣe ẹni ńlá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó kọ iye gálọ́ọ̀nù tó wọlé àti iye tó jáde. Ìwà yẹn bá a délé. Ó mọ iye ṣíbí tó wà nínú ilé ìdáná mi. Bí mo bá ní mo ti bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, á ní, "Ta ló rí ọ?" Lójú tirẹ̀, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Èmi, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe nílé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ní Ìgandò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́. Òun ló ń bá mi kọ ìbí ọmọ sínú ìwé ńlá kan: ọmọ ta, ọjọ́ wo, agogo mélòó, akọ tàbí abo. Nígbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ńlá náà, ó ra kọ̀ǹpútà, òun àgbàlagbà ọlọ́gọ́ta ọdún, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ọdún kan gbáko ló fi ìka kan ṣoṣo tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó wá kó ìwé tí ikán ti jẹ, ó sun ún. Mo ní kí ó má sun ún. Ó ní, kí ni mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún yìí. Ní ọjọ́ kẹjọ, Wòlíì Godswill kó àwọn ará ìjọ wá ya ilé sí mímọ́, bí a ti máa ń ṣe. Àbẹ́là, tùràrí, omi àdúrà nínú garawa. Wọ́n wọ́n ọn sí ibùsùn, wọ́n wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà. Wòlíì dúró níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní ibi tí olóògbé bá ti ń jókòó jù ni ẹ̀mí rẹ̀ ń fẹ́ pẹ́ sí.

"Wòlíì, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ bò ó."

"Màmá, omi àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́."

Ó bu ife kan, ó tún bu èkejì, ó dà á lé e lórí. Opó kì í bá wòlíì jà lọ́jọ́ kẹjọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Promise, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ̀bí rẹ̀, wá béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọ̀ ló ń béèrè ìwé. Mo tan kọ̀ǹpútà, kò tàn. Mo tún un tẹ̀. Ó rùn bí aṣọ tó jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, kò sí ìwé mìíràn tó mọ ọjọ́ tí wọ́n dé ayé. Bí èyí bá lọ, a jẹ́ pé èmi náà kò ṣiṣẹ́ kankan rí.

Promise ló júwe Sìdíkátù fún mi, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Command. Mo gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́. Sìdíkátù tú u. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún.

"Màmá, òùngbẹ ń gbẹ kọ̀ǹpútà yìí ni?"

"Wòlíì ló fún un lómi."

"Ó mu yó ṣá."

Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń sùn sí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìwé ọmọ kò ṣí. Fáìlì ti bàjẹ́.

"Bàbá ò ṣe ẹ̀dà ni?"

"Mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ló fi ń yangàn."

Ó wá wọn, ó rí wọn, ó wá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Màmá, orí irin kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà."

Mo bínú sí òkú. Ọkùnrin tó fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kan sọ́wọ́ ọ̀gá, tó fi ọ̀kan sọ́wọ́ máígádì, òun náà ló kó ìwé àti ẹ̀dà ìwé sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

Ẹ̀dà kìíní bàjẹ́. Èkejì bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ṣí. A rí ti Promise, tó bá mi wá, níbẹ̀; ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni ẹ̀dà náà dúró. Ọmọ mẹ́tàlélógún tí mo gbẹ̀bí wọn lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Mo ní kí Sìdíkátù máa tẹ̀. N kò mọ déètì, ṣùgbọ́n mo mọ ìbí. Ìbejì ìyàwó Fawas, ọjọ́ Àìkú tí òjò ba àga ìjọ jẹ́. Èyí tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. "Ta ló tẹ̀lé e, Màmá?" "Jẹ́ kí n ronú jàre." Mo pe Wòlíì kí ó gbé ìwé ìsọmọlórúkọ wá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e dé pálọ̀ Sìdíkátù, a ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a fi ṣe àtúnṣe déètì. Méjìlélógún pé.

"Ó ku ọmọ Hephzibah," mo ní.

"Màmá, ìyẹn ò dúró," Wòlíì ní. "A ò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi sílẹ̀."

"Ó dé. Ọwọ́ mi ló dé sí. Ó lo wákàtí méjì."

"Ṣé ìbànújẹ́ lẹ fẹ́ kọ sínú ìwé ni?"

"Wòlíì, ẹ ti fi omi ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi."

Sìdíkátù tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbà. Ó ní àyè orúkọ kò gbọdọ̀ ṣófo. A wá àwọn tí kò dúró tẹ́lẹ̀, kí a wo bí Richard ṣe ṣe é. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Ní àyè orúkọ, Ọdẹ́tọ́lá ló kọ sí gbogbo wọn. Orúkọ ilé wa. Kò béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, kò sì béèrè lọ́wọ́ èmi tó sọ di ìyá ọmọ mẹ́tàlá. Inú bí mi, omi sì bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

"Ṣé kí n kọ Ọdẹ́tọ́lá sí èyí náà?" Sìdíkátù béèrè.

"Má kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà láyé."

Mo pe Hephzibah lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Ó wá ní, "Ìkẹ́olúwa ni, Màmá. Nínú oyún ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀."

Kọ̀ǹpútà gbà á. Sìdíkátù ṣe ẹ̀dà sórí fláṣì mẹ́rin: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Wòlíì, ọ̀kan fún Dámiláre ọmọ wa tó wà ní Ìlọrin, ọ̀kan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó tẹ ìlà Ìkẹ́olúwa sórí bébà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ fún Hephzibah ní àdúgbò Pleasure. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní agogo tí mo kọ kò rí bẹ́ẹ̀, pé agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òun ló ń wo aago ara ògiri.

Mo gba fláṣì Wòlíì padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú tèmi náà, mo tún wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Command kí Sìdíkátù lè tún agogo náà kọ.