Òkúta Kẹta Lórí Ibojì Tekber

Ní Adrar, ilẹ̀ aginjù tiwa, òkúta méjì là ń rì mọ́ ibojì ọkùnrin, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Ti obìnrin ń jẹ́ mẹ́ta, ẹ̀kẹta a sì wà láàárín. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí kò ní mọ ohun tí wọ́n fi ojú Mneina rí.

Ewúrẹ́ ni Mneina ń dà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Tekber, ibà sì pa á nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fún wàrà. Ìkánjú ni wọ́n fi sin ín. Èérún òkúta lásán ni wọ́n fi sí àárín. Kò pẹ́ sí i, ewúrẹ́ kan sọnù. Bí Mneina ti ń wá a kiri láàárín àwọn òkìtì iyanrìn, ó fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan, ó sì wú u jáde. Òkúta dúdú ni, ó gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ara rẹ̀ rí roboto, ó ń dán. Ọmọ ọlọ ni, ohun tí àwọn tí ó gbé ibí yìí nígbà tí aginjù ṣì jẹ́ koríko àti adágún fi ń lọ ọkà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin. Mneina kò bèèrè ìyẹn. Ó gbé e lọ sí ibojì, ó ju èérún yẹn nù, ó sì rì í síbẹ̀.

Àwọn obìnrin ibi kànga fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Mneina, ṣé o fẹ́ kí Tekber máa lọ ọkà lọ́run ni?”

“Ó sàn kó máa lọ ọkà lọ́run ju kó máa lọ ẹnu lórí ẹni níbi kànga lọ.”

Ní gbogbo ọdún iléyá, ó ń fi làálì kun orí òkúta náà, bí ẹni ń kun ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ojú rẹ̀ fọ́. Sidaty, àbúrò rẹ̀, tí ó ń mú àwọn àlejò òyìnbó kiri aginjù, ni ó ń fi ọ̀pá fà á lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Èmi, olùkọ́ aládùúgbò wọn, wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí Mneina nawọ́ sí òkúta àárín, tí ó sì yára fà á sẹ́yìn.

“Sidaty, èyí kọ́. Ó ń họ mí lọ́wọ́.”

“Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ yín ló ti le.”

“Ọwọ́ tèmi?”

“Kí ló tún kù? Ojú ti lọ, ọwọ́ náà ń tẹ̀lé e. Ẹ ṣàdúrà yín, oòrùn ti mú.”

Iyanrìn a máa bo àwọn ibojì, a sì tún máa ṣí wọn. Kò sí èyí tí èmi lè fi ojú dá mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Mneina a máa fi bọ́tà ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. A sì nà án sí mi. “Ṣé ó ti ń rọ̀?” Ó rọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Síbẹ̀, òkúta ibojì yẹn kò dán lọ́wọ́ rẹ̀ títí.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo lọ sí ìlú Atar, mo sì yà sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́. Ọmọ ọlọ dúdú kan wà lórí pẹpẹ.

“Màmá, ẹ wo orí rẹ̀,” ni ọlọ́jà wí. “Osùn àwọn ará àtijọ́ ni pupa yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún!”

“Làálì ni. Mo mọ ẹni tó kùn ún. Ta ló tà á fún ọ?”

“Sidaty kan báyìí, tó máa ń mú òyìnbó kiri.”

Mo fi etí aṣọ mi wé e, mo sì jáde. Ó pariwo olè.

“Pe ọlọ́pàá,” ni mo wí. “Màá sọ fún wọn pé orí òkú ni wọ́n ti hú u.” Kò pè wọ́n.

Nígbà tí mo mú un délé, Mneina gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ọwọ́ mi ò le,” ni ó kọ́kọ́ sọ. Ó wá yíjú sí ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ń bu tíì. “Sidaty, orí ibojì ta ni mo ti ń ṣàdúrà?”

“Obìnrin kan ni. Mùsùlùmí ni. Àdúrà kì í ṣòfò.”

“Tekber ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta méjì ló kù níbẹ̀. Ibojì olókùúta méjì pọ̀ bí ewúrẹ́, ìjì sì ti jà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́.” Ó fa tíì rẹ̀ mu. “Ẹ gba ife yín kó tó tutù.”

Mneina kò lọ sí ibojì mọ́. Òkúta náà ni ó ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ sùn, títí ó fi kú nígbà òtútù.

Wọ́n ní obìnrin kì í sin òkú dé ibojì. Mo sin ín débẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkúta àárín wá, mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn, mo sì tú òkúta Mneina jáde láti inú aṣọ tí mo fi wé e.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́,” ni Sidaty sọ fún mi létí, “ìyẹn níye lórí o.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń rì í.”

Mo rì í títí ó fi ku orí pupa yẹn nìkan. Tekber ṣì wà níbìkan láàárín àwọn olókùúta méjì. Ẹni tí ó bá dúró níbi ibojì rẹ̀ yóò máa ṣàdúrà fún ọkùnrin tí kò sí.