Ọwọ́ Ìyá Rábì Nínú Agbada

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Sopẹn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí iṣẹ́ tí mo rò pé ó rọrùn tó gàrí yíyan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agbègbè wa á rántí ahéré gàrí: páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, agbada ńlá lórí ààrò amọ̀, òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tí ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ bíbó ni tiwa ọmọdé. Ẹni tó bá sùn lọ nídìí ẹ̀gẹ́, omi tútù ni wọ́n máa fi jí i. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń jókòó ti agbada, tí wọ́n ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ìjókòó lásán ni.

Ìgbà náà ni Ìyá Rábì dé sí àdúgbò wa. Ará etí omi ni, láti ìhà Ogun Waterside. Ọkùnrin àdúgbò wa kan ló fẹ́ ẹ wá, ó sì mú Rábì, ọmọ rẹ̀, dání. Kò pẹ́ tí gàrí rẹ̀ fi gba ọjà. Ó kan dáadáa, ó ń dún lẹ́nu, bí o bá sì da omi tútù sí i, kì í tètè wú. Àwọn oníbàárà tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa wá ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní ẹ̀gẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń lò, ẹ̀rọ kan náà ló ń bá wa lọ̀ ọ́, kí ló wá dé? Àwọn obìnrin yòókù ní àwọn ti rí i tó ń ki ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní ìdájí, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ń yan gàrí, ẹ̀yìn ló ń kọ sí èèyàn, a sì máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Bí kò bá fi nǹkan sí i, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ìyá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà paraku, kìlọ̀ fún èmi àti Tóyìn ẹ̀gbọ́n mi pé a ò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun láti ilé náà.

Lọ́jọ́ kan, Rábì fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ gàrí pẹ̀lú àgbọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni ìyá mi yọ. Ó ní kí n tu ú dànù, ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu mi, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Bí mo ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, adùn gàrí náà kò kúrò lẹ́nu mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí èmi náà fura.

Ó wá di ọdún tí ẹni tó ni ilẹ̀ tí ìyá mi fi ń dáko gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. A wa gbogbo ẹ̀gẹ́ oko náà lẹ́ẹ̀kan, a lọ̀ ọ́, a kó o sínú àpò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè jò. Oúnjẹ wa àti ilé-ìwé wa, inú àpò wọ̀nyẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tó ku ọ̀la ká yan án, ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́.

Tóyìn ní kò sí wàhálà, àwa méjèèjì á yan án. A kó igi sínú iná, a da ẹ̀gẹ́ sínú agbada. Kò pẹ́ tí apá kan fi di kókó, tí apá kan jóná, tí àárín rẹ̀ sì wà ní tútù. Èéfín ń ta wá lójú, apá ń ro wá. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú àpò kò ní dúró dè wá. Bó bá kan kọjá bó ṣe yẹ, àdánù ni.

Òórùn ìjóná ló gbé Ìyá Rábì dé. Ó wo agbada, ó wo ọwọ́ ìyá mi tí wọ́n dì mọ́ àyà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín yan án."

"Ẹ ṣeun, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ìyá mi kò wojú rẹ̀.

Obìnrin náà kò lọ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn wá. "Ìyá Tóyìn, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti máa rí ọwọ́ mi."

Ojú ti ìyá mi, ṣùgbọ́n ó jókòó. Asẹ́ wa àti àfọ́kù igbá wa ló ní kó lò, ó sì fi mí sí òdìkejì kí n lajú mi dáadáa. Ìyá Rábì kọ́kọ́ fa igi kúrò nínú iná. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Eléyìí ti tó. Tọ̀hún yẹn ò tíì kan." Ó kù ú, ó tún un kù. Bó ṣe fẹ́ bu ẹ̀gẹ́ sí agbada, ẹnu rẹ̀ mì, ó dákẹ́, ó wo ìyá mi.

"Ẹ wí i sókè," ni ìyá mi wí.

"Bisimilahi," ló wí.

Gbogbo ìgbà tó bá bu ẹ̀gẹ́ tuntun sí i ló ń tún un wí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú. Ó ń fi ẹ̀yìn igbá tẹ kókó rẹ̀ fọ́, ó ń gbé e, ó ń dà á padà, kò sinmi. Bí afẹ́fẹ́ bá darí èéfín sí i, á yí àpótí ìjókòó rẹ̀ padà, á kọ ẹ̀yìn sí èéfín náà. Mo ṣọ́ ọ títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ àfi àpá iná.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ju gàrí náà sẹ́nu. Ó tún ju díẹ̀ sí i.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn lóòótọ́?" ló bi í.

Ìyá Rábì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá mi náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n sáré lọ pe Rábì wá jẹun. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ san, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Rábì ló gbé agbada rẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń kọ́ ni àbí ó ṣì ń ṣọ́ ọ.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń yan gàrí ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn ọmọ mi ń wo àwọn tó ń fọwọ́ yan án lórí fóònù, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ni mo ti ń ra tèmi ní ìlú tí mò ń gbé. Mo gbé ọ̀kan lọ fún ìyá mi nígbà Kérésì tó kọjá. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka rò ó.

"Ta ló yan án?" ló bi mí.

Mo yí ọ̀rá náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. N kò mọ̀.