Orogún Bu Wigati

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Klaten ni Bu Wigati di olórogún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bu là ń pe olùkọ́ obìnrin lọ́dọ̀ wa; físíìsì lòun ń kọ́ àwọn ọmọ, kẹ́místírì ni tèmi, tábìlì wa sì fara kanra. Mo mọ bí ojowú ṣe ń rí.

Pak Danang, olùkọ́ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló kó ètò ìdánrawò sínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè á yọ, ọmọ á mú ìdáhùn. Bí ó bá ṣì í, ẹ̀rọ á fi àwòrán ṣàlàyé fún un, á sì tún un bi. Kò pẹ́ tí máàkì àwọn ọmọ fi ń gòkè. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yin ẹ̀rọ, ó yin Danang, kò sì rántí ẹni tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn látọjọ́ yìí. Ó dun Bu Wigati dé egungun.

"Ṣé àpótí yẹn ló bí wọn ni?" ó bi mí, tempe, ẹ̀wà sóyà dídín, lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo bi wọ́n ní kíláàsì, wọ́n ní ó yé àwọn. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ lọ wò ó fúnra yín, Bu, kẹ́ ẹ yéé fi owú ba tempe jẹ́."

Ó lọ lóòótọ́. Ó rọra dúró sẹ́yìn Ratri, ọmọbìnrin tó máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ìbéèrè náà ni pé: bọ́ọ̀lù tí a jù sókè, tó dé òkè téńté, kí ló ń fà á níbẹ̀? Ratri mú "kò sí nǹkan kan." Ó kùnà. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn, ó tún kùnà, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ratri! Ṣebí àná ni mo kọ́ yín ní èyí? O ní ó yé ẹ!"

Ọmọ náà fò dìde. "Ẹ má bínú, Bu."

"Kí ló dé tó o purọ́ fún mi?"

"Bu, ta ló máa sọ fún olùkọ́ ẹ̀ pé ohun tó kọ́ òun ò yé òun? Ẹ máa fajú ro. Ẹ̀rọ kì í fajú ro ní tiẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ní kò yé òun ti bú olùkọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, mo ń gbọ́.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, àbí?" ni Bu Wigati wí. "Ó dáa, mo gbé tèmi kúrò." Ó kọjú sí pátákó, ó kẹ̀yìn sí wọn. "Ẹni tí bọ́ọ̀lù àná ò yé, kó sọ̀rọ̀. Mi ò ní wẹ̀yìn."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ratri: "Kò yé mi, Bu." Ẹlòmíràn náà ní kò yé òun. Kí n tó mọ̀, gbogbo kíláàsì ti gbà á. Bu Wigati mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya bọ́ọ̀lù, ó fa ọfà kan láti ara rẹ̀ wá sílẹ̀. "Ilẹ̀ ló ń fà á," ó ní. "Bó ṣe ń lọ, bó ṣe dúró, bó ṣe ń bọ̀." Kò yíjú padà títí aago fi lù.

Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ti sọ fún yín báyìí, Bu. Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Inú mi dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n àpótí yẹn ò ní láti kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n tó sọ òótọ́ fún un."