Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Fi Kún Ọjọ́ Orí Jámíù

Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná ń ti ìlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi tí mo sì ti fi ogún ọdún ṣáájú àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá di ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ òṣèlú ní Ungwan Shanu. Ìyá Yúníọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá mo ti dárí ji àwọn tó ba ọwọ́ àbúrò mi jẹ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Kúnlé ni àbúrò mi. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television. Mùsùlùmí ni èmi, òun ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í sì í jà lórí ìyẹn. Bí Iléyá bá ń bọ̀, òun ló ń rán aṣọ fún ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa. Jámíù, ọmọ aládùúgbò mi, wà lára wọn.

Mo mọ ọjọ́ orí Jámíù bí mo ṣe mọ ti àwọn ọmọ tí mo bí. Ọ̀sẹ̀ tí a da iṣẹ́ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n bí i, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni mo sì ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ohùn mi ti há. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan tí àwa òṣìṣẹ́ ní. Ọjọ́ orí méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń ní: ti ilé àti ti ìwé. Ilé iṣẹ́ kì í gba ẹni tí kò pé ọdún méjìdínlógún, nítorí náà a máa ń fi ọdún kún tọmọ ẹni kó lè ríṣẹ́. Tí ìfẹ̀yìntì bá ń bọ̀, a ó yọ díẹ̀ kúrò nínú tiwa. A kò kà á sí irọ́ rárá. Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ni pé kí n kọ̀ bí mo bá rí ọmọdé lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ń kó ọmọdé tiwọn wá, èmi náà sì kó tèmi. Ọwọ́ mi yìí ló kọ méjìdínlógún sí fọ́ọ̀mù Jámíù. Mo tún kọ́ ọ lóhun tó máa sọ, ní Hausa tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Tí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́jọ́ orí ńkọ́?"

"Goma sha takwas, Mama."

Méjìdínlógún gééré. Mo rẹ́rìn-ín, mo ra àkàrà fún un.

Lọ́jọ́ ìbò, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mọ́tò Ọnọrébù tí ẹgbẹ́ kejì fà kalẹ̀ dúró nítòsí ibi tí a ti ń dìbò. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí bùùtù. Ó ń pín àdá fáwọn ọmọkùnrin bí ẹni ń pín ṣúgà Ààwẹ̀. Jámíù tí mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tiwa náà wà lára àwọn tó gbà. Wọ́n sáré sídìí àpótí ìbò. Kúnlé ti dìbò tán, ó yẹ kó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mọ́ àpótí náà.

"Jámíù, èmi ni o! Èmi Kúnlé ni!"

Jámíù gé e lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn dókítà rán an pọ̀, àmọ́ àwọn ìka kò gbọ́ràn mọ́. Télọ̀ tí kò lè mú sísọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ kó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe?

Àwa tó pọ̀ la rí Ọnọrébù nídìí bùùtù yẹn. Èmi nìkan ló gbà láti jẹ́rìí. Nítorí ẹ̀rí mi ni wọ́n ṣe gbé òun àti Jámíù lọ sílé ẹjọ́. Mo kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa jọ síwájú kóòtù, à ń pariwo pé "Ẹ̀wọ̀n! Ẹ̀wọ̀n!" títí ẹnu géètì fi mì. Ni a bá gbọ́ pé lọ́yà Jámíù ní ọmọdé ni, pé ilé àtúnṣe àwọn ọmọdé ló yẹ ẹ́. Mo fẹ́ kó sùn láàárín àwọn adigunjalè. Mo fẹ́ kó jìyà títí yóò fi gbàgbé ìtọ́wò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀.

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ tí mo bí i. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ nìkan ni kí ẹ sọ."

"Ìyá Jámíù, ṣé ọwọ́ Kúnlé máa hù padà?"

"Kò lè hù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà ni."

Mo ní kó dìde kúrò nílẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo gbé Kùránì lọ́wọ́, mo búra, mo ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kí wọ́n wo káàdì ìdìbò rẹ̀. Adájọ́ wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bi í ní Hausa pé ọmọ ọdún mélòó ni. Jámíù kò wo lọ́yà rẹ̀. Èmi ló wò.

"Goma sha takwas."

"Wa ya gaya maka?" Ta ló sọ fún ọ?

"Mama ce ta koya mini." Mama ló kọ́ mi. Ó nawọ́ sí mi. Kò fi ṣe ìkà. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni lọ́yà rẹ̀ mú káàdì àjẹsára tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ gangan wà nínú rẹ̀ jáde. Lọ́yà Ọnọrébù dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Olúwa mi, obìnrin yìí parọ́ fún ìjọba, ó tún gbé Kùránì parọ́ níwájú yín. Ta ni yóò gba ohun tó ní òun rí nínú bùùtù gbọ́?"

Wọ́n da gbogbo ẹ̀rí mi nù. Jámíù lọ sílé àtúnṣe. Ọnọrébù gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ó wọ mọ́tò kan náà, ó sì juwọ́ sí wa.

Kúnlé kò pariwo lé mi lórí. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ kó jìyà, ọmọdé ni àbí àgbà?"

"Àwọn méjèèjì."

"Ká ní ẹ ti fi ọmọdé sílẹ̀, ọwọ́ yín ì bá tẹ àgbà."

Ohun tí mo gbà báyìí ni pé kí òfin fi ọmọdé sílé àtúnṣe, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, kó sì jẹ́ pé lóṣooṣù ni yóò máa rí ojú ẹni tó gé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi àdá lé ọmọdé lọ́wọ́ ni kí wọ́n jù sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní fèrèsé. Jámíù ti jáde tipẹ́. Bó bá rí mi, á bẹ̀rẹ̀ kí mi, "Ina wuni, Mama." N kì í dáhùn, n kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbèsè tèmi nìyẹn.

Gbèsè tí Ọnọrébù jẹ mí ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀, mo máa ń gbé àga mi lọ jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ tó pọ̀ ní Ungwan Shanu. Bí wọ́n bá ti kó ọmọdé dé, tiwọn ni o, tiwa ni o, màá dìde, màá ní, "Mi ò gbà, ẹ dá a padà." Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá dá padà, bí ẹni gé ìka kan lọ́wọ́ Ọnọrébù ló ń rí lára mi. Mo ti gé púpọ̀. Kò tíì tó ọwọ́ Kúnlé.