Ọkọ̀ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Inú Àgbàlá Àlàájà Nimotallahi

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, ọkọ̀ òfuurufú kan wà ní àgbàlá ilé kejì sí tiwa ní Ìwó. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ńṣì ilé kéú ni wọ́n fi ṣe é. Àlàájà Nimotallahi, ìyàwó Àáfà Àmúdà, ló ni ín, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wa ti kọ́kọ́ fò kí wọ́n tó fojú kan pápákọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọdún tí Àlàájà kọ́kọ́ lọ sí Mẹ́kà, òun àti obìnrin ará Kuta kan ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀. Obìnrin náà ò mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Ó tẹ́ ẹní sáàárín ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń fà á dìde, ó ń sunkún, àwọn èrò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Àlàájà ò lè gbàgbé. Bó ṣe dé, ó tọrọ bẹ́ńṣì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ó sì tò wọ́n bí àga inú ọkọ̀ ṣe rí: ẹni mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta lápá kejì, ọ̀nà méjì tó gba àárín wọn kọjá. Ọkọ̀ ńlá ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ní òkè bí ilé alájà, ìdí nìyẹn tí àwa obìnrin fi ń pè é ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Tí àsìkò Mẹ́kà bá ti ń súnmọ́, gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni àwọn tó ń lọ máa ń pé jọ, láti Kuta, láti Ilé-Ogbó, láti Olúpọ̀nnà. Ọ̀já ìpọnmọ la fi ń ṣe bẹ́líìtì. Àlàájà á pàtẹ́wọ́, á ní ọkọ̀ ti ń gbéra, gbogbo wa á fẹ̀yìn tì. Rokibat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, á gbé àwo oúnjẹ kọjá, á máa fimú sọ̀rọ̀, á ní ṣé ẹran ni àbí ẹja. Ẹnìkan á ní méjèèjì lòun ń jẹ, a ó sì rẹ́rìn-ín títí bẹ́ńṣì á fi máa mì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wọ ọkọ̀ yẹn kí Ọlọ́run tó pèsè tèmi.

Nígbà tí Àáfà ń kú lọ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ ìyàwó wọn: kó rí i pé ìyá àwọn fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́kà. Ìyá náà ni Màmá Àsmá'ù. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà sílẹ̀, Màmá á ní ta ni kò gbọ́ ti Àjàpá tó fi ìyẹ́ àwọn ẹyẹ lọ sọ́run, àti pé ibo ló padà balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún karùn-ún tí wọ́n ti yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, Màmá sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Jímọ̀ kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí fèrèsé ọkọ̀ máa ń wà. Wọ́n bèèrè àwọn tó ń jókòó sí òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àlàájà ní àwọn olówó ni.

Màmá ní, "Kí wọ́n rọra máa rìn o, kí wọ́n má jábọ́ lé wa lórí."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dán an wò láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn mọ́. Ismaeel, àkọ́bí Àlàájà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo, gba ìwé ìrìnnà fún ìyá àti ìyá-ńlá rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Ọlọ́run pèsè tèmi.

Ismaeel náà ló mú ìròyìn wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti kéde lórí rédíò pé àwọn ọkọ̀ ńlá àtijọ́ ò ní kó èèyàn mọ́. Wọ́n ti darúgbó, epo tí wọ́n ń mu sì ti pọ̀ jù. Òmíràn á máa kó ẹrù, àwọn yòókù á kàn dúró sójú kan. Èyí tó máa gbé ará Ìwó lọ́dún yìí gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀nà kan ló ní, kò sì lókè.

Rokibat ní kí wọ́n má sọ fún Màmá. Ó ní tí Màmá bá ti dé pápákọ̀ Ìkẹjà, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà padà?

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé irọ́ la ó fi ṣe àlùwàlá lọ sí Mẹ́kà?"

Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa ní Jímọ̀. Màmá ò jà. Wọ́n tú ọ̀já kúrò nídìí, wọ́n ká a dáadáa. Wọ́n ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì làwọn mọ̀, èyí táwọn ò mọ̀, àwọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n wọlé lọ. Kálukú wa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúnkún Màmá ò ní dúró de ọdún mìíràn. Tí wọn ò bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ olóògbé ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ yá ajọ̀, mo bá Àlàájà lórí bẹ́ńṣì, òun nìkan. Ó ní òun fẹ́ to ọkọ̀ tuntun náà, àmọ́ òun ò mọ bí òun ṣe máa tò ó. Ibi tó ti ń sọ ìyẹn ló ti yà sí ọ̀rọ̀ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: bó ṣe máa ń kérora tó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, bí àgbà tó ń dìde lórí ẹní, bí gbogbo èrò ṣe máa ń ké "Làbáíkà", igbe àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, lẹ́ẹ̀kan náà tí ara á sì bù máṣọ.

"Wọ́n á wá máa fi í kó ẹrù," ló wí. Ó nu ojú, ó dìde, ó kọrí sí yàrá Màmá. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun. Èmi náà ò wọ ọkọ̀ yìí rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Màmá yíjú sí i. "Ìwọ, Ìyàwó? Ìwọ tó ò ń pàtẹ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Àṣé bá a ṣe jọ wà nìyí." Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀pá wọn. "Dìde. Àwa méjèèjì la ó jọ máa bẹ̀rù lọ. Àmọ́ èmi ni n ó to bẹ́ńṣì o. Tìẹ ti di ti àtijọ́."

Báyìí ni Màmá ṣe dúró láàárín àgbàlá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá júwe, tí àwa ń gbé: mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan. Wọ́n ní ọ̀nà náà há jù, ìdí àwọn ará Olúpọ̀nnà ò ní gbà á kọjá. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá ló pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ sì gbéra nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì de bẹ́líìtì.

Nígbà tá a dé Ìkẹjà, a rí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókèèrè. Wọ́n ti dí àwọn fèrèsé rẹ̀, àkàbà kankan ò sì fara tì í. Àlàájà dúró, àwọn èrò ń yà fún un. Màmá, tá a rò pé a máa gbé pọ̀n ni, ló yíjú padà.

"Ìyàwó, o ti kí i tó. Ó ti gbọ́."

Wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ tuntun náà. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí. Ká tó wọ ìkùukùu, Màmá ti sùn lọ. Àlàájà gbé ojú lé fèrèsé, ó ń wo ìsàlẹ̀ títí tí kò fi sí nǹkan kan tí èèyàn lè rí mọ́, àfi funfun.