Yàrà Kan Lẹ́yìn Bury

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-ìwé kó Tọ́lá ọmọ mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo òkìtì àtijọ́ kan lẹ́yìn Bury, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó tí a wà yìí. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, òórùn ààyù sì gba gbogbo ilé. Ewé kan tó ń rùn bí ààyù ló máa ń hù létí odò nílùú yìí nígbà tí òtútù bá ń kógbá sílé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ á bá a délé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Tọ́lá ní, "Mummy, sorry, it's only mud." Ó rò pé inú ló ń bí mi.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìjẹ̀bú, wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa ní Crumpsall, tí kò jìnnà sí Bury. Oṣù Kejìlá ni wọ́n dé, ẹ ò rí i pé àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì, èmi wà nílé-ìwé. Màmá á wọ kóòtù nínú ilé, wọ́n á máa wo ojú fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Wọn kì í ráhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bi bàbá mi léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, àyà mi á já. Yàrá kan náà là ń sùn, mo fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí wọ́n rí nǹkan kan fẹ́ràn níbí, kí wọ́n lè tún wá.

Nǹkan náà dé lóṣù Karùn-ún. Ẹnìkan nínú ìjọ wa rí òkìtì gíga kan tí koríko bò, tó dá dúró létí odò lẹ́yìn Bury, ó sì lọ sọ fún pásítọ̀ pé Ọlọ́run ti fún wa ní orí òkè àdúrà tiwa. Ẹ mọ àwa ará Èkó àti Ògùn, a kì í rí ibi gíga ká má bọ́ bàtà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi gbààwẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, bàtà tò lọ rẹrẹ bí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà sì gun òkè láìwọ bàtà, wọ́n ń ké "Halelúyà" nínú òtútù, àwọn àgùntàn inú pápá kejì sì tẹjú mọ́ wa.

Màmá nìkan ni kò bọ́ bàtà. Wọ́n dúró nínú kòtò tó yí òkìtì náà ká, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Yàrà rèé o! Ẹ sọ fún pásítọ̀ kí wọ́n wọ bàtà wọn. Èèyàn ló gbẹ́ ibí yìí nítorí ogun, iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ ni wọ́n kó jọ sókè yẹn."

Bàbá mi ní kí wọ́n rọra. Ṣùgbọ́n òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ kọjá jẹ́rìí sí i: ó ní ìjòyè kan ló fi pákó kọ́ ilé olódi síbẹ̀ láyé àtijọ́, nítorí pé ẹ̀rù àwọn tó ń ṣe olórí lé lórí ń bà á. Pásítọ̀ wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ní kò síbi tí Ọlọ́run kì í ti í gbọ́ àdúrà. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wa, a lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni èmi àti Màmá ń padà lọ síbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nípa Erédò, yàrà ńlá tó gba ẹ̀yìn oko bàbá wọn kọjá ní Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Òfin kan ló wà nílé wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ gun yàrà dókè gbọ́dọ̀ dúró, kó na ọwọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá dúró kò ní jẹ nínú ìgbín ọjọ́ náà. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dókè, èmi ni mo sì máa ń na ọwọ́.

Sátidé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ, òjò ti rọ̀. Mo dókè, mo bá ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì mi níbẹ̀. Màmá wà nísàlẹ̀ nínú ìró àti kóòtù bàbá mi, wọ́n ń pariwo, "Ọkọ mi, na ọwọ́ o!" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Is she with you?" Mo ní, "No." Mo kọjú sí odò.

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí bọ̀. Nígbà tí wọ́n dókè, ẹrẹ̀ wà lórúnkún àti àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n kí àwọn ọmọ náà, wọ́n bu ìpápánu ṣin-ṣín fún wọn nínú àpò. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀. O ṣe dáadáa tí o ò sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n bu tèmi náà fún mi. Mo fi í sínú àpò, mi ò jẹ ẹ́.

Wọn ò tún wá mọ́. Bàbá mi ní orúnkún ló ń dùn wọ́n, ó tún ní físà ni kò jáde. Èmi gbà pé ọwọ́ tí mi ò nà ni. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lórí fóònù, ṣùgbọ́n káàdì tí a fi ń pe ilé máa ń tán kí n tó débẹ̀, tàbí kí n ṣe bí ẹni pé ó ti tán. Mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí wọ́n kú. Ó ṣì ń dùn mí.

Lánàá, mo ní kí Tọ́lá mú mi lọ síbẹ̀. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání. Wọ́n ti ri pátákó síbẹ̀ tó ń sọ ìtàn ìjòyè náà, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tó gbẹ́ yàrà. Ewé ti ń kún inú yàrà ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó ṣì jìn tó ohun tí èèyàn lè yọ̀ ṣubú sí. Àwọn ọmọ sáré dókè. Mo ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Tọ́lá, na ọwọ́ o!" Ó gbọ́, mo rí i pé ó gbọ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí odò.

Mo fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún, mo ń kó ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a wí jọ. Nígbà tí mo dókè, ó ń wo ẹrẹ̀ tó wà lára mi, omi ti lé sí i lójú. Mo ní, "Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀. O ṣe dáadáa tí o ò sọ̀ kalẹ̀."