Ohùn Ọkùnrin Lẹ́nu Ìyá Mi

Òórùn aró ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí àwọn onísinimá wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà, àsíá tuntun ṣì ń dán níwájú ilé ìjọba. Aṣọ aró tó ṣú ni ìyá mi ń ró, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Bóní, abúlé kan nítòsí wa, ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ọ̀nà ti bàjẹ́ lọ́wọ́ òjò, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ wa láàyè. Ní ìdílé wa, obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í dirun, kì í sì í wọ aṣọ aláràbarà títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán.

Kútọnù ni àwọn onísinimá náà ti wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi obìnrin orílẹ̀-èdè tuntun han ayé. Ìyá mi ní bí ẹ̀rọ wọn bá lè gbé ohùn dé etí ìjọba, òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ: kí wọ́n fi agbẹ̀bí sí Bóní. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tí mo rò pé kò sí Faransé tó lè gbé mi ṣubú, ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Mo run orín gidi láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹni pé eyín ẹlẹ́gbin ò lè sọ Faransé.

Ọ̀gá onísinimá wo ìyá mi láti òkè délẹ̀. Ó ní aṣọ yẹn yóò mú àwòrán ṣókùnkùn, kó wọ aṣọ olódòdó tí àwọn mú wá.

Ìyá mi kọjú sí mi. “Sọ fún wọn pé aṣọ yìí ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí n tó yanu.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí kò bá pààrọ̀ aṣọ, àwọn ò ní yà á. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ìyá mi gan-an ló fi òwe yẹn tọ́ wa, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ló ń wá. Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ aró, ó ró òdòdó jáde. Wọ́n tún ní kó ká ìborùn kúrò kí èjìká lè hàn, wọ́n gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó gúnyán díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ó sọ bí ọ̀nà Bóní ṣe ń rí lójò. Ó ní, “A ò tọrọ wúrà lọ́wọ́ yín. Agbẹ̀bí kan la ní kẹ́ ẹ fún wa, kí ọmọ ẹlòmíràn má kú sọ́nà bíi tèmi.” Bó ti parí, ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà rẹ̀, ó dé e fún ewúrẹ́ kan tó ń kọjá. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ ṣì ń yí.

Nígbà tí wọ́n gbé sinimá náà padà wá, ọ̀fọ̀ wa ò tíì tán. Wọ́n ta aṣọ funfun sí ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ìlú sì péjọ. Àwọn àna wa ti Bóní náà wá, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìyá mi bá wọn bẹ ìjọba. Ìyá mi yọ lójú aṣọ, ó la ẹnu, ohùn ọkùnrin ló sì jáde níbẹ̀, ní Faransé, pẹ̀lú fèrè tó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ohùn náà ní ọkàn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ fúyẹ́, pé iyán àti ijó ni ayé wọn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Kámẹ́rà ò sì pẹ́ lójú rẹ̀: ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n fún níjòkòó. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi parí rẹ̀. Wọn ò fi ewúrẹ́ hàn.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dìde. “Ìyá ìyàwó, ṣé ọ̀fọ̀ tí ẹ ń ṣe fún ọmọ yín nìyí?”

“Wọn ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ ni,” ni ìyá mi wí.

“Ojú wa la fi rí i.”

Mo ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mo ń sọ ọ̀rọ̀ gan-an tí ìyá mi bá àwọn onísinimá sọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ṣé kì í ṣe òun ló ń rẹ́rìn-ín ni? Faransé tí mo fi ń yangàn ò ràn mí lọ́wọ́. Àwọn àna ò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́, ìyá mi sì ti kú kí agbẹ̀bí tó dé Bóní. Inú bí mi nígbà náà, ó sì ń bí mi títí di òní, nítorí àwọn tó ṣe é ò mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀ wá. Lójú wọn, wọ́n buyì kún wa.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi rí sinimá náà lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ wo bí inú wọn ṣe dùn tó.” Mo ní kó pa ohùn ọkùnrin yẹn. Mo wá ń tẹ̀ lé ẹnu ìyá mi, mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde fún ọmọ náà bí ètè rẹ̀ ti ń mì: orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà Bóní, òjò. N kò tíì dé orí agbẹ̀bí tí kámẹ́rà fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìdí ìyá mi nínú aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo ń wò bí mo ṣe sọ ìyókù.